Gírámà Lásán Kọ́: Ohun Tí Onítàn Ní Í Sọ Nípa Omi Àgbádárìgì

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ju fláyà kan sínú WhatsApp ẹbí wa. Olùkọ́ kan láti ẹ̀ka ìtàn ní yunifásítì mìíràn ń bọ̀ wá ṣe sẹ́mínà nípa ọ̀sà: bí wọ́n ṣe ń lò ó nígbà àtijọ́ àti ohun tó ń ṣe é báyìí. Kò pẹ́ tí bọ̀dá mi tó ń wa ọkọ̀ ojú omi ní Àgbádárìgì fi fi ohùn ránṣẹ́: "Àbúrò, ṣé gírámà ló máa bá wa kó ewé kúrò lójú omi? Sọ fún àwọn onísáyẹ́ǹsì kí wọ́n wá." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Àwọn tó ti gboyè jáde pàápàá rẹ́rìn-ín, èyí ló wá dùn mí jù.

Bọ̀dá mi nìkan kọ́ ló ń rò bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ gbà pé ti onísáyẹ́ǹsì ni ọ̀rọ̀ omi, igbó àti afẹ́fẹ́, pé kí ẹni tó ka ìtàn, lítíréṣọ̀ tàbí ìmọ̀ ọgbọ́n orí yáa jókòó jẹ́ẹ́. Bí wọ́n bá pe irú wọn wá sọ̀rọ̀, wọ́n ní gírámà àti mítípáì ló kù. Irọ́ ni. Ewé tí bọ̀dá mi ń bínú sí yẹn gan-an ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ rántí àdúrà tí gbogbo wa mọ̀: ojúoró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò. Àwọn baba wa wo ojú omi, wọ́n rí ewé méjì tó ń lékè, wọ́n sọ wọ́n di àdúrà. Ewé kẹta, tí wọ́n ń pè ní water hyacinth lédè Gẹ̀ẹ́sì, èyí tó ní òdòdó aláwọ̀ àlùkò, tó ń lọ́ mọ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó sì ń fa àwọ̀n ya, kò sí nínú àdúrà náà. Kò tíì dé nígbà yẹn ni. Agbègbè odò Amazon ní Gúúsù Amẹ́ríkà ni orírun rẹ̀. Ọdún 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ kéde pé ó ti wọ Nàìjíríà, ojú omi wa níbí ní Àgbádárìgì ni wọ́n sì ti rí i, ó gba ìhà ilẹ̀ Benin wọlé. Àdúrà kan ṣoṣo kò tó ẹ̀rí o. Onítàn á tún kó orin, oríkì, ìwé àwọn arìnrìn-àjò àti ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn àgbà apẹja mọ́ ọn, á wá fi wọ́n wé ara wọn.

Kí ni èyí wá wúlò fún? Onísáyẹ́ǹsì lè wọn iyọ̀ inú omi lónìí. Ó lè sọ fún yín pé iyọ̀ ló ń pa ewé náà, ìdí nìyẹn tó fi máa ń dín kù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi òkun bá wọ ọ̀sà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò lè wọn omi àná. Bí ojú omi ṣe rí kí ewé tó dé, ẹja wo ló ń wọ àwọ̀n, ọ̀nà wo lọkọ̀ ń gbà, inú orí àwọn àgbà ló wà. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún ní 1984 ti lé lọ́gọ́ta báyìí. Bí a kò bá bi í léèrè, ó tán nìyẹn.

Ẹ jẹ́ n mú yín jìnnà díẹ̀. Ní December 1966, Lynn White, onítàn tó ń kọ́ nípa Yúróòpù àtijọ́, dìde sọ̀rọ̀ níwájú ẹgbẹ́ àwọn onísáyẹ́ǹsì Amẹ́ríkà ní Washington. Ó ní ohun tí a gbà gbọ́ ni gbòǹgbò ìbàjẹ́ àyíká, àti pé bí àwọn Kristẹni ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù ṣe gbà pé èèyàn ló ni ayé lówọ́ nínú rẹ̀. Ìwé ìròyìn Science, tí í ṣe ti àwọn onísáyẹ́ǹsì fúnra wọn, tẹ ọ̀rọ̀ náà jáde ní 1967. White dábàá pé kí wọ́n fi Francis mímọ́ ti Assisi ṣe alágbàwí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí àyíká. Póòpù John Paul Kejì sì kéde rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní 1979. Mi ò ní kẹ́ ẹ gbà fún White. Ìlú tí Freeman àti Townsend ti wá wàásù ní 1842 ni mò ń gbé, mo mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe máa rí bí mo bá sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú! Àmọ́ ẹnikẹ́ni ò lè pe èyí ní gírámà lásán.

Nàìjíríà wa náà ní àpẹẹrẹ tirẹ̀: òǹkọ̀wé ni Ken Saro-Wiwa, tó ń pariwo pé iṣẹ́ epo rọ̀bì ń ba ilẹ̀ àti omi àwọn ará Ògóní, ní ìpínlẹ̀ Rivers, jẹ́. Wọ́n yẹgi fún un ní November 10, 1995. Ọdún 2011 ni àjọ àyíká ti Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó gbé àbájáde ìwọ̀n ilẹ̀ àti omi Ògóní jáde. Òǹkọ̀wé ti pariwo tipẹ́ kí ìwọ̀n tó dé.

Nítòsí wa níbí ńkọ́? Ní Bouche du Roy ní gúúsù Benin, àwọn tó ń dáàbò bo igbó ẹ̀gbà (mangrove) etí omi lọ bá àwọn oní-Zangbeto, eégún tó ń ṣọ́ ìlú lóru, wọ́n sì fi Zangbeto ṣọ́ apá kan igbó náà kí ẹnikẹ́ni má gé e. Onísáyẹ́ǹsì tó mọ ẹ̀gbà kò fi dandan mọ ìdí tí ọkùnrin tí kò ka ọlọ́pàá sí fi ń yẹra fún Zangbeto. Iṣẹ́ ẹlòmíì nìyẹn.

Irọ́ kan tún wà lódì kejì tí mi ò gbọdọ̀ fi sílẹ̀. Bí ẹnìkan bá dìde ní sẹ́mínà tó ní àwọn baba ńlá wa kò ba igbó jẹ́ rí, ẹ ní kó mú ẹ̀rí wá. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni gírámà tí bọ̀dá mi ń sọ.

Ẹ má sì pa oríṣi ìpàdé méjèèjì pọ̀. Níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ tí ọ̀jọ̀gbọ́n máa ń ṣe nínú agbádá oyè, ìlú ló máa ń pé síbẹ̀, ṣùgbọ́n àṣà wa ni pé ẹnikẹ́ni kì í béèrè ìbéèrè. Yàrá kékeré ni ti sẹ́mínà. Àlejò á ka ọ̀rọ̀ rẹ̀, wọ́n á sì fi ìbéèrè dà á bò. Ìbéèrè tí bọ̀dá mi jù sínú WhatsApp yẹn, ibẹ̀ gan-an ló yẹ kó ti bi í.

Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá bèèrè bóyá wọ́n máa ń pín mítípáì lóòótọ́. Mo ní wọ́n sábà máa ń pín in níbi àwọn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ńlá. Bó bá jẹ́ sẹ́mínà, kí ó jẹun nílé kó tó máa bọ̀.