Àjíǹde: ibi tí ẹ̀rí wà, àti ibi tí kò sí

Bí Ọdún Àjíǹde bá ti kù dẹ̀dẹ̀ báyìí, irú àtẹ̀jíṣẹ́ kan máa ń kárí WhatsApp níbí ní Ifẹ̀: pé àwọn onímọ̀ ti fìdí àjíǹde Jésù múlẹ̀, pé òpìtàn Róòmù kan kọ ọ́ sílẹ̀, pé ká fi ránṣẹ́ sí ẹni mẹ́wàá. Kí a tó ti Gálílì ọjọ́ Mọ́ńdè dé, ó ti dé ọwọ́ gbogbo ẹgbẹ́ ọ̀dọ́. Èrò ọkàn mi ni pé irú rẹ̀ ń ṣe ìgbàgbọ́ wa lọ́ṣẹ́. Kì í ṣe pé kò sí ẹ̀rí o. Ẹ̀rí wà. Èyí tó lágbára la fi sílẹ̀, tí a lọ ń gbé èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní ní OAU yóò fi ìbéèrè kan ṣoṣo bì ṣubú.

Òpìtàn Róòmù tí wọ́n ń sọ ni Tacitus. Ní nǹkan bí ọdún 116 ló kọ ọ́ pé Pọ́ńtíù Pílátù pa Kristi nígbà tí Tìbéríù wà lórí oyè. Ikú ló jẹ́rìí sí, kò sọ pé ó jí. Josephus, Júù tó kọ ìtàn àwọn Júù ní nǹkan bí 93, dárúkọ Jésù ní ìwé kejìdínlógún nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé gbà pé àwọn Kristẹni tó ń da ìwé náà kọ ti fi ọ̀rọ̀ tiwọn kún un. Èyí tó wà ní ìwé ogún ló mọ́ jù: bí wọ́n ṣe sọ Jákọ́bù, arákùnrin Jésù, lókùúta ní ọdún 62. Ẹ fi Jákọ́bù yẹn sọ́kàn.

Ẹni tó bá fẹ́ fi Máàkù 16 ẹsẹ 9 sí 20 jà náà, kó rọra. Nínú Sinaiticus àti Vaticanus, ìwé àfọwọ́kọ méjì ti ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin, ẹsẹ 8 ni Máàkù parí sí.

Níbo wá ni ká ti bẹ̀rẹ̀? Kọ́ríńtì Kìíní orí 15, ẹsẹ 3, kí ẹ tó ṣí Mátíù 28 rárá. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé gbà pé lẹ́tà yìí ṣáájú Ìhìn Rere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ kà á sókè: pé Kristi kú nítorí ẹ̀ṣẹ̀ wa gẹ́gẹ́ bí ìwé mímọ́ ti wí, pé a sin ín, pé ó jíǹde ní ọjọ́ kẹta gẹ́gẹ́ bí ìwé mímọ́ ti wí, pé ó fara han Kéfà (Pétérù nìyẹn), lẹ́yìn náà àwọn méjìlá. Pé, pé, pé, pé. Etí Yorùbá ò ní í ṣàìdá a mọ̀: ọ̀rọ̀ àkọ́sórí ni. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń kọ́ ọmọ ní oríkì ìdílé, bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ awo ń ké ẹsẹ Ifá níwájú ọ̀gá rẹ̀, tó bá fo gbólóhùn kan, wọ́n á dá a padà síbẹ̀. (Kí ẹnikẹ́ni má bínú sí àpẹẹrẹ yìí. Bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sórí ni mò ń sọ.) Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ ní ohun tí òun gbà lòun fi lé wọn lọ́wọ́. Kódà “àwọn méjìlá” yẹn, kò tún lò ó níbòmíràn nínú gbogbo lẹ́tà rẹ̀.

Ìgbà wo ló gbà á? Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ní Délífì, nílẹ̀ Gíríìsì, wọ́n rí òkúta tí wọ́n fín lẹ́tà ọba Kláúdíù sí, òun ló jẹ́ ká mọ̀ pé nǹkan bí 51 sí 52 ni Gálíò ṣe gómìnà Ákáyà. Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 18 sọ pé iwájú Gálíò yìí ni wọ́n wọ́ Pọ́ọ̀lù lọ ní Kọ́ríńtì. Àsìkò yẹn ló fẹnu ara rẹ̀ kọ́ wọn, ó sì tún kọ ọ́ ránṣẹ́ láti Éfésù ní nǹkan bí 54. Ẹ wá lọ sí Gálátíà 1:18. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tó yí padà, ó lọ bá Kéfà ní Jerúsálẹ́mù, ó lo ọjọ́ 15 lọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì rí Jákọ́bù. Bí a bá fi ikú Jésù sí ọdún 30 tàbí 33, ìpàdé yẹn ò pé ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá ní ọjọ́ ti gorí ọjọ́ kí wọ́n tó hùmọ̀ àjíǹde, ibí ni kó ti kọ́kọ́ dáhùn.

Ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé a ní ẹ̀rí ènìyàn 500 tí Pọ́ọ̀lù ní Jésù fara hàn ní ẹsẹ 6. Ẹnu ẹnì kan la ti gbọ́ nípa wọn, kò dárúkọ wọn, kò dárúkọ ibẹ̀. Agbára rẹ̀ wà níbi tó ti ní púpọ̀ nínú wọn ṣì wà láàyè, pé ẹni tó bá fẹ́ béèrè lè béèrè.

Ti àwọn obìnrin, Ìhìn Rere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní àwọn ló kọ́kọ́ dé ibojì, bẹ́ẹ̀ Josephus sọ pé wọn kì í gba ẹ̀rí obìnrin láàárín àwọn Júù. Ẹni tó ń hùmọ̀ ìtàn, Pétérù ni ì bá tì síwájú. Iye wọn ò bára mu: Mátíù dárúkọ méjì, Máàkù mẹ́ta, Jòhánù ọ̀kan. Ẹ má fi í pamọ́. Ẹ kàn fi hàn pé nínú Jòhánù 20:2, Màríà kan náà ló ń sọ pé “àwa kò sì mọ̀”.

Àwọn kan sọ pé Róòmù kì í jẹ́ kí wọ́n sin ẹni tí wọ́n kàn mọ́ igi. Ní 1968, wọ́n rí àpótí egungun kan ní Jerúsálẹ́mù tí orúkọ Yehohanan wà lára rẹ̀. Ìṣó tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 11.5 ṣì wà nínú egungun gìgísẹ̀ rẹ̀ kan. Ẹnu ìṣó náà ti tẹ̀, wọn ò rí i yọ, ni wọ́n bá sin ín tòun tìṣó. Ó fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Kò fi hàn pé bó ṣe rí fún Jésù nìyẹn. Àwa ará Ifẹ̀ mọ irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀. Ní 1938 tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, orí idẹ ni wọ́n bá pàdé. Wọ́n jẹ́rìí pé àwọn baba wa mọ idẹ dà, wọn ò sọ ojú ta ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣáájú ìyẹn, ní 1910, Frobenius ará Jámánì rí orí Olókun, ó ní àwọn ará Atlantis, ilẹ̀ inú àlọ́ tí wọ́n ní òkun gbé mì, ló ni iṣẹ́ náà, nítorí ó ti pinnu pé ọwọ́ ènìyàn dúdú ò lè ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ti pinnu pé òkú ò lè jí láéláé ṣe ń ka Kọ́ríńtì. Kí àwa tí a ti gbà kí a tó kà á náà ṣọ́ra.

Ìtàn lè mú wa dé ibi tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí ti gbà tọkàntọkàn pé àwọn rí i. Pé Ọlọ́run ló jí i, ìgbàgbọ́ ló ń sọ ìyẹn, mo sì gbà á.

Èmi ò kàn rí bí mo ṣe lè gba ẹ̀gbẹ́ Jákọ́bù kọjá ni. Jòhánù 7:5 ní àwọn arákùnrin Jésù kò gbà á gbọ́. Nígbà tó yá, Jákọ́bù ló wà lórí ìjọ ní Jerúsálẹ́mù, títí wọ́n fi sọ ọ́ lókùúta pa. Kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín? Ìhìn Rere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ò sọ ọ́. Kọ́ríńtì ló ní in, ní ẹsẹ 7, gbólóhùn kan péré: lẹ́yìn náà, ó fara han Jákọ́bù.