Ta ló ní inú ìwé nìkan ni àbá ìwádìí ti ń wá?

Mo tún gbọ́ ọ lọ́sẹ̀ yìí, lẹ́nu olùkọ́ kan tó yẹ kó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: pé akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ àwùjọ kò gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lórí pápá, ìyẹn láàárín àwọn èèyàn tó fẹ́ wádìí, àfi tó bá ti kọ àbá ìwádìí rẹ̀ tán, ìyẹn ohun tó rò pé òun máa rí tó sì fẹ́ dán wò, àti pé inú tíọ́rì, àlàyé gbogbogbòò tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti gbé kalẹ̀, nìkan ni àbá ti ń jáde. Irọ́ ni, ó sì ti ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọmọ jẹ́.

Ẹ wo Leon Festinger, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìṣesí èèyàn, ará Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1934, ilẹ̀ mì tìtì ní Bihar, ní Íńdíà. Àwọn tí ilẹ̀ mì lẹ́sẹ̀ wọn, tí nǹkan kan ò sì bà jẹ́ lọ́dọ̀ wọn, ni wọ́n wá ń gbé e kiri pé àjálù tó burú ju èyí lọ ń bọ̀. Nígbà tí Festinger ka ìròyìn yìí lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ó rú u lójú. Kí ló lè mú èèyàn máa dẹ́rù ba ara rẹ̀? Ó rò ó títí, ó wá rí i pé ẹ̀rù ti wà lára wọn tẹ́lẹ̀, wọn ò kàn rí ohun tí wọn ì bá tọ́ka sí pé òun ló fà á ni. Àhesọ ló bá wọn wá ìdí fún un. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ronú pé ọkàn èèyàn kì í balẹ̀ bí ohun méjì tó ta kora bá wà níbẹ̀, àfi kó wá nǹkan ṣe sí i. Ó tẹ tíọ́rì yìí jáde lọ́dún 1957. Lọ́dún 1959, òun àti Carlsmith fi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dán an wò: àwọn tó gba dọ́là 1 láti purọ́ pé iṣẹ́ kan tó ń súni dùn, àwọn ló wá sọ pé ó dùn ju bí àwọn tó gba dọ́là 20 ṣe sọ lọ, torí dọ́là kan kò tó ìdí láti purọ́, ọkàn wọn ló wá yí padà kó lè bá irọ́ náà mu. Àhesọ ló ṣáájú, tíọ́rì ló tẹ̀ lé e.

Glaser àti Strauss, àwọn onímọ̀ àwùjọ méjì, náà kọ ìwé odindi lọ́dún 1967 lórí bí tíọ́rì ṣe ń ti inú ohun tí a kó jọ jáde.

Èmi náà rí i níbi iṣẹ́ tèmi. A ń wádìí ohun tó ń mú kí òṣìṣẹ́ kọ iṣẹ́ sílẹ̀. Owó oṣù ni gbogbo ìwé tí a kà ń wí. Bí a ṣe jókòó ti àwọn èèyàn, ìtìjú tí ọ̀gá fi kàn wọ́n lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ni wọ́n ń sọ ṣáá. Ọ̀rọ̀ yẹn la fi ṣe àbá, a sì lọ dán an wò lọ́dọ̀ àwọn mìíràn.

Àwọn kan á ní ẹ̀tàn ni irú àbá bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì fa Norbert Kerr, onímọ̀ nípa ìṣesí èèyàn, yọ. Ohun tí Kerr bá wí lọ́dún 1998 ni kí èèyàn rí èsì tán kó wá ṣe bí ẹni pé òun ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Mo gbà pé èyí ń ṣẹlẹ̀. Àmọ́ kò ní ká má fetí sí pápá. Ẹ sọ ibi tí àbá yín ti wá gan-an, kí ẹ sì lọ dán an wò lára àwọn tí kò sí lára àwọn tó fún yín ní àbá náà.