Èéfín Ni Ìwà, Kò Ṣeé Bò Mọ́lẹ̀

Bí ọkùnrin bá pa ìyàwó rẹ̀, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwa Yorùbá kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú: "Iṣẹ́ èṣù ni." "Ìbínú ló fà á." "Ọmọlúàbí ni, a ò mọ ohun tó dé sí i." Àgbà kan yóò wá mí kanlẹ̀, yóò ní ìbínú ò da nǹkan fún ni, sùúrù ni baba ìwà. Gbogbo wa á ní bẹ́ẹ̀ ni.

Mi ò bá òwe yẹn jà. Ibi tí a ń lò ó sí ni mo ń bá jà. Òwe mìíràn wà tó mọ ọ̀ràn yìí jù ú lọ: èéfín ni ìwà, kò ṣeé bò mọ́lẹ̀. Iná lè jẹ́ òjijì lójú ẹni tó sùn. Ẹni tí kò sùn ti ń gbóòórùn èéfín láti àárọ̀.

Obìnrin kan wà ní Ìlú Ọba níbí, Jane Monckton Smith lorúkọ rẹ̀. Ọlọ́pàá ni tẹ́lẹ̀ kó tó di onímọ̀ nípa ìwà ọ̀daràn ní Yunifásítì Gloucestershire. Ó kó ìtàn ikú 372 jọ, ikú àwọn tí ẹni tí wọ́n ń fẹ́ tàbí tí wọ́n ti fẹ́ rí pa, ó sì ń tọ ipasẹ̀ wọn padà sẹ́yìn bí ọdẹ ti ń tọ ipasẹ̀ ẹran. Ní 2019 ló gbé ohun tó rí jáde: ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà débẹ̀. Ìpele mẹ́jọ ló kà, ìkẹjọ ni ikú. Ìyẹn ni pé méje ti kọjá níṣojú ará ilé, ará àdúgbò àti àwa tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kí ẹnikẹ́ni tó figbe ta. Àlàyé pé inú kan ṣàdédé bí ọkùnrin, ojú rẹ̀ wá ṣú, obìnrin yìí ní irọ́ ni. Ohun tó bá nínú àwọn ìtàn yẹn ni ìpinnu, ìmúrasílẹ̀, àti ọkùnrin tó ti ń kó obìnrin níjàánu tipẹ́.

Ìpele kìíní kò tilẹ̀ kan obìnrin tó kú náà. Ó ti wà kí àwọn méjèèjì tó pàdé: ọkùnrin náà ti fìyà jẹ ẹlòmíràn rí, tàbí ó ti ṣọ́ ẹlòmíràn kiri rí. Ibi tí èyí kò bá sí, ó sábà jẹ́ pé kò tíì fẹ́ ẹnikẹ́ni rí ni. Nígbà tí mo ka èyí, ìyá mi àgbà ni mo rántí, tó máa ń ṣe alárinà. Kí ọ̀rọ̀ tó dé orí ìṣíhùn, yóò ti rìn dé ìlú ọkọ. Wèrè, ẹ̀tẹ̀, wárápá, gbèsè, olè, gbogbo rẹ̀ ló ń wádìí. Ó tún ní ìbéèrè kan tí kì í gbàgbé: ta ló ti fẹ́ rí, kí ló sì lé ìyẹn lọ?

Ilẹ̀ yìí ti fi ètò ọlọ́pàá kan dá ìbéèrè ìyá mi àgbà padà láti 2014. Clare's Law ni wọ́n ń pè é, nítorí Clare Wood, tí ọkùnrin tó ti hùwà ipá sí obìnrin mìíràn rí pa ní Salford ní 2009. Bàbá rẹ̀ jà títí ètò náà fi jáde. Ní England àti Wales, o lè lọ bá ọlọ́pàá, kí o bi wọ́n bóyá ẹni tí ò ń fẹ́ ti hu irú ìwà bẹ́ẹ̀ rí. Òbí lè béèrè nítorí ọmọ, ọ̀rẹ́ lè béèrè nítorí ọ̀rẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí ewu wà lórí rẹ̀ ni wọ́n sábà ń fún lésì. Bí ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ bá sì ní wèrè ni gbogbo àwọn tí òun ti fẹ́ rí, èéfín nìyẹn.

Ìpele kejì ni ìfẹ́ tó ń sáré, tí wọ́n á ti kó jọ kí ìdílé tó mọ̀ra. Ìpele kẹta ni ìkóníjàánu, kí ọkùnrin máa darí gbogbo ìrìn obìnrin, ó sì lè pẹ́ gan-an. Òun ni mo fojú ara mi rí, tí n kò sì mọ̀ ọ́n.

Arábìnrin kan wà tó máa ń yà sọ́dọ̀ mi ní Sátidé, bó bá ti ọjà Peckham bọ̀. Àǹtí ló ń pè mí. Kò tíì jókòó tán ni yóò ti gbé fóònù sórí tábìlì, ojú rẹ̀ sókè. Yóò yọ rìsíìtì ọjà nínú pọ́ọ̀sì, yóò fi àtàńpàkò tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ lórí itan, bí ẹni ń lọ aṣọ. Mo rò pé obìnrin tó mọ owó ṣọ́ ni. Lọ́jọ́ kan fóònù dún, ojú ọkọ rẹ̀ yọ. Kò kí i. Ó ní kó yí fóònù ká yàrá. Ó fi ògiri hàn án, ó fi ilẹ̀kùn hàn án, ó fi èmi náà hàn án. Mo juwọ́, mo ní, "Ẹ ǹlẹ́ o, ọkọ wa." Ọkùnrin náà mọ àgbà kí, bó bá rí mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Nígbà tó yá, arábìnrin náà wá sọ fún mi pé ó ti sú òun. Mo ní, "Ṣé ó nà ọ́ ni?" Ó ní rárá. Mo ní ilé ọkọ, ilé ẹ̀kọ́ ni, ìfẹ́ ló pọ̀ jù lọ́kàn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn mí dòní. Òfin England àti Wales ti sọ irú ìkóníjàánu yẹn di ọ̀ràn láti ìparí 2015, kódà bí ẹnikẹ́ni kò bá gbé ọwọ́ sókè. Ó lè di ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún. Òfin ti rí i kí èmi tó rí i.

Kì í ṣe gbogbo ọkùnrin tó ń ṣọ́ ìyàwó ni yóò pa á, onímọ̀ náà kò sì sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ní ká máa ṣọ́ ni ìgbà tí ìjánu bá fẹ́ já: obìnrin ní òun ń lọ, tàbí owó bọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin. Ìpele kẹrin nìyẹn, ibẹ̀ gan-an ni àwa ará ilé ti ń ṣìṣe. Ọkùnrin náà á máa dúró lẹ́nu ọ̀nà ibi iṣẹ́ obìnrin náà. Á ní bí kò bá padà, òun á pa ara òun. Àwa á gbé ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ lọ, àgbà á kúnlẹ̀ fún ọmọdé: "Ṣé o ò rí i pé ó fẹ́ràn rẹ dójú ikú ni?" Ẹnìkan kì í fi iná sórí òrùlé sùn, àmọ́ àwa la ń rọ obìnrin náà pé kó wọlé lọ sùn.

Bí ẹ̀bẹ̀ àti ìhàlẹ̀ kò bá ràn án, ọkàn rẹ̀ á yí, á bẹ̀rẹ̀ sí í múra. Òfin ìwà ọ̀daràn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi sílẹ̀ fún gúúsù Nàìjíríà, ní abala 318, ń fojú àánú wo ẹni tó pa ènìyàn nígbà tí wọ́n mú inú rẹ̀ ru gidi lójijì, kí ara rẹ̀ tó rọlẹ̀. Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra ọ̀bẹ ní Ọjọ́rú, tó lò ó ní Sátidé, ara rẹ̀ ti rọlẹ̀. Ẹ má pè é ní ìbínú mọ́.

Ẹ̀yin tí ọmọ tàbí àbúrò yín bá sọ pé òun ń lọ, ẹ má sọ ọjọ́ náà fún ọkọ, ẹ má jẹ́ kó dá lọ kó ẹrù. Ẹ má gbà kó lọ "bá a sọ̀rọ̀ ìkẹyìn" níbi tí ẹnikẹ́ni kò sí. Níbí, 0808 2000 247 ni nọ́ńbà tí wọ́n ń pè tọ̀sán tòru fún ìmọ̀ràn, 999 sì ni bí ewu bá ti dé.

Arábìnrin yẹn kúrò níkẹyìn. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà àwa obìnrin mẹ́ta bá a lọ lọ́sàn-án gangan, ọlọ́pàá kan dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn títí a fi kó àpò méjì jáde. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó yà sọ́dọ̀ mi láti ọjà, ẹja tútù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bi í pé èló ló rà á.

Ó ronú títí. "Àǹtí, mi ò rántí," ló wí. "Mo ti ju rìsíìtì ẹ̀ nù lọ́nà."