Kì í Ṣe Gbogbo Filler Ni Ẹ Lè Fò

Bí ẹ bá bi ẹni tó ti ń wo anime (eré aláwòrán ilẹ̀ Japan) tipẹ́ pé báwo lèèyàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀ One Piece tàbí Naruto, ìmọ̀ràn kan náà lẹ máa gbọ́: "Lọ wá lísìtì filler lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí tó bá ti wà níbẹ̀, fò ó." Filler ni apá anime tí kò ti inú manga, ìyẹn ìwé ìtàn aláwòrán tí wọ́n fi ṣe anime náà, wá. N ò ní kí ẹ má gbọ́ tiwọn rárá. One Piece ti kọjá ẹgbẹ̀rún apá, owó dátà ò sì rọrùn. Ìgbàgbọ́ tó wà nídìí ìmọ̀ràn náà ni mo ní ẹjọ́ bá rò: pé ohun tí kò bá ti sí nínú manga, ọwọ́ ẹni tó ni ìtàn ò sí nínú rẹ̀, ẹni tó bá sì fò ó kò pàdánù nǹkan kan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí irọ́ náà sì ti hàn jù ni àwọn apá tí wọ́n máa ń gbé sáfẹ́fẹ́ nígbà tí fíìmù bá fẹ́ dé sinimá.

Ọ̀pọ̀ rò pé ọ̀lẹ tàbí ojúkòkòrò ló bí filler. Ẹ wo bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Eiichiro Oda ló ń ya manga One Piece, nǹkan bí ojú ewé 17 ló sì máa ń jáde nínú Shōnen Jump lẹ́ẹ̀kan. Ènìyàn ni, ó máa ń sinmi. Anime tí Toei Animation ń ṣe ní tirẹ̀ wà lórí tẹlifíṣàn láti ọdún 1999, fún ọ̀pọ̀ ọdún ni kò sì mọ̀ ju kó jáde ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ lọ. Bí anime bá ń jẹ orí manga kan tàbí méjì lọ́sẹ̀, láìpẹ́ á bá a, ìtàn á sì tán lọ́wọ́ wọn. Nígbà náà, yálà kí wọ́n fa ìjà kékeré gùn títí tí á fi gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tàbí kí wọ́n wá ìtàn mìíràn fi dí àlàfo.

Fíìmù ò lè dúró de ẹnikẹ́ni. Àkókò tí àwọn ọmọ ilé ìwé Japan bá wà ní ìsinmi ni wọ́n máa ń fojú sí: Strong World dé ní oṣù Kejìlá 2009, Film Z ní oṣù Kejìlá 2012, Film Gold ní oṣù Keje 2016, Stampede àti Film Red ní oṣù Kẹjọ, 2019 àti 2022. Bí ọjọ́ náà bá ń sún mọ́lé, ilé iṣẹ́ ní láti polówó fíìmù lórí tẹlifíṣàn, manga náà sì nílò àyè láti sáré síwájú díẹ̀. Apá kan ṣoṣo lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì.

Mo mọ ibi tí ìkórìíra filler ti wá. Kí Naruto àkọ́kọ́ tó parí ní oṣù Kejì 2007, nǹkan bí 80 apá ló fi rìn ní ìtẹ̀léra láìsí manga nídìí rẹ̀. Ẹni tó bá fara da ìyẹn, ó ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Àmọ́ ẹni bá fojú àná wòkú, ẹbọra á bọ́ ọ láṣọ.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ Uta nínú One Piece. Film Red jáde ní Japan ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ 2022, owó tó pa níbẹ̀ sì lé ní bílíọ̀nù 19 yẹ́ǹ. Uta ni olórin tí gbogbo ayé inú ìtàn náà ń gbọ́ ohùn rẹ̀, òun náà sì ni ọmọ tí Shanks tọ́. Shanks yìí, ọ̀gá ajalèlókun, ló gbé fìlà koríko lé Luffy, akọni One Piece, lórí. Ẹ ronú sí wàhálà tó wà níbẹ̀: láti 1997 la ti ń ka orí kìíní manga náà, níbi tí Shanks àti àwọn ọmọ ọkọ̀ rẹ̀ ti ń ṣe fàájì ní abúlé Luffy, a ò sì rí ọmọbìnrin kankan níbẹ̀. Lẹ́yìn ọdún 25, wọ́n wá ní ká gbà pé ọmọ kan wà níbẹ̀, pé òun àti Luffy jọ ṣeré dàgbà. Fíìmù náà ò ní àyè tó pọ̀ láti fi yí wa lọ́kàn padà, torí orin Ado (olórin tó kọrin fún Uta) àti ìjà ti gba ibẹ̀.

Ní oṣù Kẹjọ yẹn kan náà, anime fi ogun Onigashima sílẹ̀ ní ilẹ̀ Wano, ó sì gbé apá 1029 àti 1030 jáde. Ìgbà èwe ni méjèèjì padà sí: Luffy àti Uta ń díje, wọ́n ń jiyàn lórí ẹni tó borí, wọ́n ń bá ara wọn ṣèlérí nípa "ìgbà tuntun" tí wọ́n fẹ́ dá sílẹ̀. Àwọn èèyàn pariwo gan-an nígbà yẹn, n ò sì dá wọn lẹ́bi. Ta ni í fẹ́ fi Kaido, ọ̀tá ńlá tí Luffy ń bá jà, sílẹ̀ lójú ìjà kó lọ máa wo ọmọdé méjì tó ń sáré ìje? Lójú lísìtì, filler ni wọ́n. Ṣùgbọ́n Oda ni alábòójútó àgbà fíìmù náà, òun ló sì ya ìrísí Uta. Ọwọ́ ta ni ò wá sí nínú rẹ̀? Ẹni tó gbójú lé manga nìkan kó tó wọ sinimá á kàn máa rí Luffy tó ń pe olórin kan ní ọ̀rẹ́ àtijọ́, kò ní mọ ohun tó ń dun Luffy tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀.

Ti Naruto tiẹ̀ tún yà mí lẹ́nu jù. Manga náà parí ní ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá 2014, orí 699 àti 700 lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú orí 700, a bá Naruto lórí oyè Hokage, olórí abúlé rẹ̀, Hinata ti di ìyàwó rẹ̀, ọmọ méjì sì ti wà nílẹ̀. Báwo ló ṣe fẹ́ ẹ? Manga ò sọ. Fíìmù The Last, tó jáde ní ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá ọdún yẹn, ló sọ ọ́, Masashi Kishimoto fúnra rẹ̀ ló sì pèsè ìtàn rẹ̀. Nígbà tí fíìmù náà ń sún mọ́lé, Shippuden, anime Naruto ẹlẹ́ẹ̀kejì, dá ogun ńlá inú ìtàn dúró, ó sì ṣe apá 389 àti 390 lórí Hinata àti àbúrò rẹ̀ Hanabi, bí bàbá wọn ṣe ń wo ta ni yóò jogún ilé Hyuga, tí ẹ̀gbọ́n sì ń fẹ́ràn àbúrò síbẹ̀. Hanabi tí a ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ nínú manga yìí ni Toneri, ọ̀tá inú fíìmù náà, jí gbé. Ẹni tó fo apá méjèèjì á jókòó sí sinimá bí ẹni tó ń bá wọn sunkún òkú tí kò mọ̀ rí.

Kí n má fi irọ́ tiwa rọ́pò irọ́ tiwọn: òmíràn nínú wọn, ìpolówó lásán ni. Kí Strong World tó jáde, One Piece ṣe apá 426 sí 429, tí àkọlé wọn gan-an jẹ́wọ́ pé eré àkànṣe nítorí fíìmù ni wọ́n. Ẹ wò wọ́n tán, Largo àti àwọn Amigo rẹ̀ lẹ máa bá jà, ẹ ò ní mọ Shiki, ọ̀tá inú fíìmù náà, jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibòmíràn ni ìtàn Shiki wà. Oda ya orí òdo manga náà, ó kọ sínú rẹ̀ bí Shiki ṣe kojú Roger, ọba ajalèlókun, bí Garp àti Sengoku, àwọn ọmọ ogun ojú omi, ṣe mú un, bó ṣe gé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kó tó lè sá kúrò ní ẹ̀wọ̀n Impel Down. Ìwé tí orí náà wà nínú rẹ̀ ni wọ́n pín lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn tó wá sí sinimá, mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ ẹ̀dà. Àwọn tó pe Shiki ní "ará fíìmù, ẹ má ka ti ẹ̀ sí" sì tún bá orúkọ rẹ̀ pàdé nínú orí 957 ti manga ní 2019, láàárín àwọn tó wà nínú ọkọ̀ Rocks, ajalèlókun àtijọ́ kan, àárín gbùngbùn ìtàn àtijọ́ tí gbogbo wa ń dúró dè.

Film Z náà ní apá mẹ́rin tirẹ̀, 575 sí 578. Ẹ lè fò wọ́n, inú fíìmù ni ìtàn Zephyr, ọ̀tá ibẹ̀, wà.

Ìgbà mìíràn, ọ̀nà yí padà pátápátá: fíìmù ló ń ṣáájú, tẹlifíṣàn ló ń tẹ̀ lé e. Garlic Jr., ọ̀tá kan, kọ́kọ́ yọjú nínú fíìmù Dragon Ball Z tó jáde ní 1989, kí tẹlifíṣàn tó fi apá mẹ́wàá, 108 sí 117, parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní 1991. N ò ní purọ́ pé ó dùn tó ti Namek, ìtàn tó ṣáájú rẹ̀. Demon Slayer náà gbé Mugen Train jáde ní sinimá ní oṣù Kẹwàá 2020. Nígbà tí wọ́n gé e sí wẹ́wẹ́ fún tẹlifíṣàn lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n fi odindi apá tuntun kan nípa Rengoku, ọ̀kan nínú àwọn akọni fíìmù náà, ṣáájú rẹ̀, èyí tí kò sí nínú manga. Àwọn tó ní "mo ti wo fíìmù rẹ̀" ò rí i títí dòní.

Ohun tí lísìtì lè sọ fún yín kò ju pé apá kan wà nínú manga tàbí kò sí. Kò lè sọ ẹni tó ro ìtàn fíìmù náà, kò sì lè sọ ibi tí onítọ̀hún gbé ìtàn ẹ̀yìn rẹ̀ sí, ìyẹn ló sì yẹ kí ẹ wá. Bó bá jẹ́ Film Red ni ẹ fẹ́ wò, 1029 àti 1030 kò gbà yín ju wákàtí kan lọ, kò sì pọn dandan kí ẹ ti dé Wano. Kí ẹ tó wo The Last, ẹ wo 389 àti 390. Ti Strong World, orí òdo ni kí ẹ wá kà, ẹ fi Largo sílẹ̀ síbi tó wà.