Àtúnṣe: Omi kọ́ ni ẹ ó fi ti òkèlè lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ rọ́bà ikùn

Wọ́n ń pín in lórí WhatsApp ní Òṣogbo pé ẹni tí wọ́n fi rọ́bà dè ní àpòlúkù (iṣẹ́ abẹ tó ń jẹ́ kí oúnjẹ díẹ̀ yóni, kí ẹni tó sanra jù lè fọn) lè máa gbé òkèlè àmàlà mì, kó ṣáà fi omi tì í. Irọ́ ni. Àpò kékeré tó wà lókè rọ́bà ni oúnjẹ líle ń pẹ́ sí tí a fi ń yó. Omi á ṣàn án lọ, ebi á tètè dé. Òkèlè tí a kò rún lè há, èébì lemọ́lemọ́ sì lè yẹ rọ́bà nípò.

Bí dókítà bá ti yọ̀ǹda oúnjẹ líle, abọ́ kékeré ni kí ẹ lò, kó má ju ife kan lọ: ẹja tàbí ẹ̀wà ṣáájú, ẹ̀fọ́ tẹ̀ lé e. Ẹ rún un kúnná, ẹ dúró kí àyà tó fún yín. Omi di ìṣẹ́jú 30 lẹ́yìn tí ẹ bá jẹun tán. Ẹlẹ́rìndòdò ńkọ́? Ìyẹn ń yọ̀ kọjá ni, kì í yóni, ó sì ń sanni lára.