Ẹ Gbé Ọba Tuntun Yín Sọ́hùn-ún Ná, Ẹ Fún Wa Ní Ọ̀rẹ́ Tí Kì Í Dalẹ̀

Ọba mẹ́rin! Ọba tuntun mẹ́rin, aṣọ ogun aláwọ̀ mìíràn, orin tuntun, òkè tó ń yọ iná. Ohun tí wọ́n kà sílẹ̀ nínú fídíò ìpolówó àfikún tó ń bọ̀ fún géèmù wa nìyẹn, géèmù orí kọ̀ǹpútà tí èèyàn ti ń jọba, tó ń bá àwọn ọba yòókù ṣàdéhùn, tó sì ń jagun. Mo wò ó tán, mo dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀, mo ní bóyá ojú mi ló fo nǹkan. Kò fo nǹkan kan. Nínú gbogbo ohun tí à ń bẹ̀ wọ́n fún láti ọjọ́ yìí wá, ẹyọ kan kò sí níbẹ̀. Wọn ò mẹ́nu ba àdéhùn àwọn ọba. Wọn ò mẹ́nu ba kọ̀ǹpútà tí kò mọ ogun jà. Ibodè tó máa ń déédéé tì mọ́ èèyàn lójú, wọn ò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Òkè tó ń yọ iná ni wọ́n rí ṣe.

Ta ló béèrè fún òkè tó ń yọ iná?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú géèmù tí mo ń gbá lọ́wọ́. Ó ti ṣe gbogbo yín rí, ẹ ó ti mọ ibi tó ń lọ kí n tó sọ ọ́ dé ìdajì. Ọbabìnrin kan tí kọ̀ǹpútà ń darí wà ní ìwọ̀-oòrùn mi. Èmi àti ẹ̀ ti jọ mulẹ̀ láti ìgbà tí àwa méjèèjì ṣì ń fi ọ̀kọ̀ àti ọfà jagun. Nígbà tí kò ní irin, mo fún un ní irin. Mo fún un ní ẹṣin. Mo jẹ́ kí àwọn oníṣòwò rẹ̀ máa gba ilẹ̀ mi kọjá, n kò gba kọ́bọ̀. Nígbà tí ìyàn mú lọ́dọ̀ rẹ̀, oúnjẹ tèmi ni àwọn ará ìlú rẹ̀ jẹ. Àmì ojú tó ń rẹ́rìn-ín kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀ láti ayé ìgbà yẹn.

Ló bá yọ sí mi. Ó ní ojú òun ń rí màbo lọ́wọ́ ọba tó wà ní àríwá, ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n dá sí i, ká jọ gbógun tì í. Òun ló wá bá mi o. Ẹ bá mi fi ìyẹn sọ́kàn. Èmi kò ní gbólóhùn asọ̀ pẹ̀lú ọba àríwá. Ó ń ra tùràrí lọ́wọ́ mi, mo ń ra òkúta iyebíye lọ́wọ́ rẹ̀, àlàáfíà wà. Ṣùgbọ́n ẹni tí a jọ mulẹ̀ ló ké sí mi, n kò lè pa á tì. Mo ní ó dáa, mo kéde ogun, mo kó ọmọ ogun jáde.

Ẹ mọ ohun tó wà nínú kíkó ọmọ ogun kọjá lórí ilẹ̀ ẹlòmíràn nínú géèmù yìí. Ojú ilẹ̀ kan, ọmọ ogun kan: méjì kò lè jọ dúró lójú kan náà. Àárín òkè méjì ni ọ̀nà náà gbà, ó há, àgbá ń wọ́ bí ìgbín, ẹlẹ́ṣin kò rí ọ̀nà kọjá lára àgbá, àwọn tafàtafà dúró lẹ́yìn wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo ń tẹ̀ wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo ń júwe ọ̀nà fún wọn, nítorí kò sí bọ́tìnnì kankan tí a lè fi sọ fún wọn pé kí wọ́n máa tẹ̀ lé ara wọn lọ. Ìyẹn náà, ṣé wọ́n mẹ́nu bà á nínú fídíò yẹn? Lọ́dún 2000, nígbà tí àfikún The Conquerors jáde fún géèmù Age of Empires II, àwọn tó ṣe é gbà wá lọ́wọ́ wàhálà oko: èèyàn lè sanwó oko sílẹ̀ ní ilé ọlọ, kí àgbẹ̀ máa tún un gbìn fúnra rẹ̀ bó bá ti tán. Ohun kékeré ni, ṣùgbọ́n ó hàn lára rẹ̀ pé ẹni tó ṣe é jókòó gbá géèmù náà, ó sì rí ibi tó ti ń ni wá lára. Ọdún 2000 nìyẹn o! Títí di òní, àwa ṣì ń fi ọwọ́ darí ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa ìrẹsì.

Mo débẹ̀ ṣá. Mo dó ti ìlú ọba àríwá. Àgbá mi ń fọ́ odi rẹ̀, ó ku díẹ̀ kó wó. Níbo ni àwọn ọmọ ogun ọbabìnrin wà? Wọ́n wà nílé. Ọkọ̀ ogun ojú omi rẹ̀ kan ń lọ ń bọ̀ létí òkun, kò yin ìbọn kan. Àwọn ẹlẹ́ṣin rẹ̀ ń yí oko ká. Mo ní kò burú, n ó dá a jà, n ó bá a gbà á.

Ó ku ọ̀la kí n wọ ìlú náà ni ìkéde kékeré kan yọ lókè: ọbabìnrin àti ọba àríwá ti parí ìjà.

Wọ́n ti parí ìjà! Kò bi mí. Kò sọ fún mi. Ogun tó fi ẹnu ara rẹ̀ bẹ̀ mí sí, ó yọ ẹsẹ̀ nínú rẹ̀, ó fi mí sí i. Ìyẹn ò tíì tó. Turn tó tẹ̀ lé e (ìyẹn ìgbà tó tún kan olúkúlùkù láti ṣe tirẹ̀), àdéhùn ibodè wa, èyí tó jẹ́ kí ọmọ ogun mi lè gba ilẹ̀ rẹ̀ kọjá, pé ọjọ́ tó yẹ kó parí. Ṣé ẹ mọ̀ pé géèmù yìí kì í kìlọ̀ fúnni pé ó ti fẹ́ẹ́ parí? Ìgbà tó bá ti parí tán ló ń sọ. Gbogbo ọmọ ogun mi tó ṣì wà lórí ilẹ̀ rẹ̀, àwọn tó ń gbé àgbá bọ̀ lẹ́yìn, géèmù fúnra rẹ̀ gbé wọn, ó sọ wọ́n sórí erékùṣù kan tí n kò ní ọkọ̀ ojú omi tó lè dé ibẹ̀. Bí ààbọ̀ ogun mi ṣe ṣòfò nìyẹn, láìsí pé ẹnì kan ta ọfà.

Ọba àríwá wá kọjú sí èmi nìkan. Ẹ sì gbọ́ ọ̀nà tó gbà wá. Ilẹ̀ ọbabìnrin ló gbà kọjá! Ibodè tó tì mọ́ èmi, ó ṣí i fún un. Ìlú mi méjì tó wà létí ààlà bọ́ sí i lọ́wọ́. Mo ké sí ọ̀rẹ́ ìmùlẹ̀ mi pé kó gbà mí. Ó ní kò ṣeé ṣe lásìkò yìí. Mo fi wúrà sí i, ó kọ̀. Mo fi irin sí i, irin yẹn náà tí mo fi gbà á là nígbà àtijọ́, ó kọ̀.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ló dúró níwájú gbogbo ọba ayé, tó pè mí ní adógunsílẹ̀.

Adógunsílẹ̀! Èmi! Nítorí ogun wo? Ogun tó kúnlẹ̀ bẹ̀ mí pé kí n wá bá òun jà! Àwọn ọba yòókù sì gbà á gbọ́. Ọ̀kan fagi lé òwò tí à ń ṣe, èkejì tẹ̀ lé e, gbogbo ojú tó ń rẹ́rìn-ín pọ́n. Àwọn ọba tó wà lódì kejì òkun, tí ọmọ ogun mi kò débẹ̀ rí, àwọn náà ń bú mi. Ẹni tó dalẹ̀ ló ń sọ pé ẹni tó pa àdéhùn mọ́ ló burú, géèmù sì ń bá a kà á sí mi lọ́rùn, turn lẹ́yìn turn, títí dé òpin. Mi ò rí oníṣòwò kankan gbà mọ́. Mi ò rí ẹni tí yóò jẹ́ kí amí mi wọ ìlú.

Wọ́n á ní géèmù ni. Mo mọ̀ pé géèmù ni. Àmọ́ wákàtí gidi ni mo fi gbá a, owó gidi ni mo sì fi rà á, èmi àti ẹgbẹ̀ẹ́gbẹ̀rún èèyàn. A fẹ́ràn rẹ̀ ni inú fi ń bí wa tó báyìí. Ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ̀ ti pa á rẹ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ tipẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún mi pé kò ṣeé ṣe. Civilization IV, géèmù ìjọba mìíràn tó jáde lọ́dún 2005, fàyè gba ìmùlẹ̀ tí kì í tú: ìlú méjì di ẹgbẹ́ kan, ogun ẹnì kan ni ogun ẹnì kejì, bí àlàáfíà bá dé, àwọn méjèèjì ló dé fún. Lọ́dún 2006, àfikún Warlords mú àwọn ọba abẹ́ wọlé: bí ọ̀gá bá jagun, ọba abẹ́ bá a jà; bí ọ̀gá bá parí ìjà, ó parí fún ọba abẹ́ náà. Ẹ wo Gathering Storm ti Civilization VI lọ́dún 2019. Òkè tó ń yọ iná wà nínú àfikún yẹn náà, àti omíyalé àti ìjì. Ṣùgbọ́n wọn ò fi mọ síbẹ̀. Inú àfikún kan náà ni wọ́n ti ṣètò bí géèmù yóò ṣe máa ka ẹ̀ṣẹ̀ tí ọba kan ṣẹ ọba kejì, kí ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ ṣẹ̀ lè gbẹ̀san láìjẹ́ pé gbogbo ayé sọ ọ́ di ẹni burúkú. Òkè tó ń yọ iná nìkan ni àwọn tó ṣe géèmù tiwa rí mú níbẹ̀.

Àwọn kan máa ń dáhùn pé kọ̀ǹpútà kò lè ronú bí èèyàn. Kọ̀ǹpútà Deep Blue na Garry Kasparov, ọ̀gá àwọn ọ̀ta ṣẹ́ẹ̀sì, nídìí ṣẹ́ẹ̀sì lọ́dún 1997. Ètò kọ̀ǹpútà AlphaGo na ògbóǹtarìgì Lee Sedol nídìí Go, eré orí pátákó ti àwọn ará Éṣíà, lọ́dún 2016, ìgbà mẹ́rin nínú márùn-ún. Lọ́dún 2019, ètò kọ̀ǹpútà AlphaStar dé ipò Grandmaster, ipò tó ga jù, nínú StarCraft II, géèmù ogun gan-an nìyẹn. Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ ńláńlá ni wọ́n fi kọ́ àwọn wọ̀nyẹn, n kò sì ní kí wọ́n gbé irú rẹ̀ sínú géèmù wa. N kò béèrè ọlọ́gbọ́n. Ohun tí mo ń béèrè ni kí ọba tó bẹ̀ mí rántí pé òun bẹ̀ mí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ síbì kan nínú géèmù pé òun ló pè mí. Kí ló le níbẹ̀?

Ọgbọ́n tí mo dárúkọ yìí tún rán mi létí ipele líle yẹn. Bí a bá gbé géèmù sí ipele tó le jù, kọ̀ǹpútà kò gbọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Owó ni wọ́n ń fún un, oúnjẹ, ọmọ ogun tí kò ṣiṣẹ́ fún. Òmùgọ̀ kan náà ni, wọ́n kàn sọ ọ́ di olówó. Tí a bá sì ṣẹ́gun rẹ̀, kò dùn mọ́ni, tí òun bá ṣẹ́gun, ó ń ká wa lára. Ẹ sì wo bí géèmù ṣe máa ń falẹ̀ tó bó bá ti ń lọ sí òpin, tí èèyàn á tẹ bọ́tìnnì kan, tí yóò wá máa wo àwọn ọba kọ̀ǹpútà bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ ogun síwá sẹ́yìn láìlọ síbì kankan.

Àwọn tó ń gbá Civilization V ló kóra wọn jọ ṣe mod kan tó ń jẹ́ Vox Populi (mod ni àtúnṣe tí àwọn tó ń gbá géèmù ṣe sí i fúnra wọn), wọ́n tún bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ronú ṣe, wọ́n sì fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Àwa náà ní irú wọn láàárín wa. Mod kan wà tó ń kìlọ̀ kí àdéhùn tó parí, iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tí kò gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí àwọn tó ni géèmù bá ti gbé update, ìyẹn ẹ̀dà tí wọ́n tún ṣe, jáde, mod náà á kú, géèmù tí a fi pamọ́ kò sì ní ṣí mọ́. Wọn kì í ṣe é fúnra wọn, wọn kì í jẹ́ kí ti ẹni tó ṣe é dúró!

Ẹ dá àfikún yẹn dúró. Mo sọ ọ́ tọkàntọkàn, ẹ dá a dúró. Kí ẹni tó bá mulẹ̀ má lè dá àlàáfíà ṣe láìjẹ́ pé ẹnì kejì fọwọ́ sí i. Kí ibodè má lè tì nígbà tí àwọn méjì bá jọ wà lójú ogun. Kí ẹni tó pe èèyàn sógun má lè bú u nítorí ogun náà. Mẹ́ta péré. Bí ẹ bá ṣe ìyẹn, ẹ lè kó ọba ogún lé e, n ó rà á lọ́jọ́ tó bá jáde. Bí ẹ kò bá ṣe é, n kò rà á, mo sì ń bẹ gbogbo ẹ̀yin tí ìlú yín ti bọ́ báyìí rí, ẹ má rà á.