Kókó ìdẹrù kọ́ ni ká fi so okùn kànga

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yín yẹn lè ṣini lọ́nà. Ẹ ní kókó tí a fi ń di ẹrù, ọ̀tún lórí òsì, òsì lórí ọ̀tún, tó láti so okùn méjì yòówù pọ̀. Kò tó o. Bí ọ̀kan bá nípọn ju èkejì lọ, tàbí tó jẹ́ okùn ọ̀rá tó ń yọ̀, ó máa tú. Bẹ́ẹ̀ ni ti kànga wa ní Àkúrẹ́ ṣe tú: mò ń wo etí okùn bó ṣe ń sá wọnú kókó díẹ̀díẹ̀, kí n tó nawọ́, garawa ti rì.

Kókó tó yẹ ká fi so wọ́n pọ̀ nìyí: ẹ ṣẹ́ orí okùn tó nípọn po kó di ojú. Ẹ fa tẹ́ẹ́rẹ́ gba inú ojú náà láti ìsàlẹ̀, ẹ fi yí ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ká lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ máa kì í bọ abẹ́ ara rẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan. Ẹ fà á le dáadáa. Kí ìrù tó ṣẹ́kù gùn tó ìnípọn okùn lọ́nà 10, ó kéré tán.

Okùn ọ̀rá tí oòrùn ti pa, tó ń bó bí ìyẹ̀fun lọ́wọ́, ẹ jù ú nù. Bó bá sì jẹ́ èèyàn ló fẹ́ sọ̀ wọ kànga, ẹ má so okùn pọ̀ rárá. Ẹ ra odindi tuntun.